Pásítọ̀ ní kí bàbá wa lé ìyàwó kejì lọ kí wọ́n tó lè ṣèrìbọmi, ṣé ó wà nínú Bíbélì?

OmoIyale
Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo ilé. Èmi kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà tí màá sì kọjá, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi láti bí ọjọ́ mẹ́rin. Bàbá wa ti pé ẹni ọdún 71. Wọ́n ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tipẹ́tipẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí tàwọn àgbà ṣe máa ń rí, ọjọ́ Kérésì, ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ tí wọ́n bá ń sìnkú ẹgbẹ́ wọn. Lọ́dún tó kọjá ni ẹ̀jẹ̀ ríru dá wọn dùbúlẹ̀, nígbà tí wọ́n máa dìde wọ́n ní Jésù ló gbé àwọn dìde, látìgbà yẹn wọn ò pa ìsìn kankan jẹ mọ́, kódà ìsọjí òru wọ́n ń lọ. Inú gbogbo wa ń dùn. Àfi ìgbà tọ́rọ̀ dé orí ìrìbọmi. Pásítọ̀ wọn (mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì) pè wọ́n sí ọ́fíìsì, wọ́n ní ìyàwó méjì ló wà nílé yín bàbá, ẹnu ọ̀nà ọ̀run há, kò lè gba yín pẹ̀lú obìnrin méjì, ẹ mú ìyàwó àkọ́fẹ́, kí èkejì kó ẹrù ẹ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí ìrìbọmi, kò sí oúnjẹ Olúwa. Wọ́n fún wọn di ìparí oṣù yìí.

Kí ẹ má bàa rò pé ọmọ ìyàwó kejì ló ń jà fún ìyá ẹ̀, èmi ni àkọ́bí ìyálé. Ìyá mi gan-an ni "ìyàwó àkọ́fẹ́" tí wọ́n ń wí. Ọdún 26 rèé tí Àǹtí ti wà nílé wa (Àǹtí là ń pè wọ́n), mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí wọ́n wọlé, mo sì kórìíra wọn dáadáa nígbà yẹn, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, àbíkẹ́yìn wà ní SS2. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi ní 2019, èmi wà ní Ìbàdàn lẹ́nu iṣẹ́, àbúrò mi wà lókè òkun, Àǹtí ló ń gbé wọn lọ sí balùwẹ̀, Àǹtí ló ń fi òrí ra ẹsẹ̀ òsì wọn láràárọ̀ títí ẹsẹ̀ náà fi ń tẹlẹ̀.

Àná ni mo délé. Mo bá Àǹtí níwájú yàrá wọn tí wọ́n ń di ẹrù wọn. Irù ni wọ́n ń ṣe tà, ìkòkò ńlá kan wà tí wọ́n fi máa ń sè é mọ́jú, láti kékeré ni mo ti mọ ìkòkò yẹn sí dúdú bíríkítí. Wọ́n ti fi iyanrìn àti eérú ha ìdí ẹ̀, ó ń dán. Mo ní Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ń ha ìkòkò, wọ́n ní ṣé èèyàn máa ń gbé èérí ilé kan lọ sílé míì ni. Wọn ò sunkún o. Ìyá mi ló ń sunkún nínú yàrá.

Ìbéèrè mi ò pọ̀. Ṣé ibì kan wà nínú Bíbélì tí wọ́n ti ní kẹ́ni tó ti fẹ́ méjì kó tó gbàgbọ́ lé ọ̀kan dànù? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú pásítọ̀ bá mi, ẹ kọ ẹsẹ Bíbélì, torí màá kà á fún bàbá.

Dikini_T
Arábìnrin, ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà táwọn Farisí bi Jésù nípa ìgbéyàwó nínú Máátíù 19, ìpilẹ̀ṣẹ̀ ló dá wọn padà sí, ọkùnrin kan, obìnrin kan, àwọn méjèèjì á di ara kan. Kò sọ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ méjì nínú Bíbélì ni Lámẹ́kì, Jẹ́nẹ́sísì 4:19, apààyàn ni, orin tó sì fi ń fọ́nnu nípa ẹni tó pa ló ń kọ fáwọn ìyàwó ẹ̀ méjèèjì. Ibi tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Pásítọ̀ yín ò ṣe ohun tuntun. Bí ẹnì kan bá jí ewúrẹ́, tó wá ronú pìwà dà, ṣé á tún so ewúrẹ́ yẹn mọ́lẹ̀ kó máa fún un ní èèpo iṣu? Ó gbọ́dọ̀ dá a padà ni. Ìrònúpìwàdà tí ò mú ọwọ́ kúrò nínú nǹkan, ẹnu lásán ni.

Okunrin_Oke
Bí ẹnu ọ̀nà ọ̀run bá há tó báyìí, báwo ni Jékọ́bù ṣe wọlé? Léà, Rákélì, Bílíhà, Sílípà. Jésù fúnra ẹ̀ sì sọ nínú Máátíù 8 pé èèyàn á wá láti ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn wá bá Ábúráhámù, Ísákì àti Jékọ́bù jókòó jẹun lọ́hùn-ún. Mo kàn ń béèrè ni o, ẹ má nà mí.

Beria_Ijesa
Díkínì, mo fara mọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yín, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Pé ọkùnrin kan obìnrin kan ni Ọlọ́run fi bẹ̀rẹ̀, kò sí jíjà ńbẹ̀, ẹni tó bá ka ilé Ábúráhámù, ilé Jékọ́bù, ilé Ẹlikénà pẹ̀lú Hánà àti Pẹ̀nínà, á rí i pé kò sí ìkankan nínú ilé wọ̀nyẹn tó tòrò. Bíbélì ò pọ́n àṣà náà lé. Ṣùgbọ́n ohun tí arábìnrin wa ń béèrè kọ́ nìyẹn. Wọn ò béèrè pé ṣé kí bàbá lọ fẹ́ ẹ̀kejì, wọ́n ní ẹ̀kejì ti wà ńlé fọ́dún 26, kí ni kí wọ́n ṣe sí i. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìgbà tí a bá po wọ́n pọ̀ la máa ń ṣi ẹjọ́ dá.

Ẹ wo Ẹ́kísódù 21:10. Bí ọkùnrin bá fẹ́ òmíràn, kò gbọdọ̀ dín oúnjẹ èyí tó ti wà nílẹ̀ kù, kò gbọdọ̀ dín aṣọ ẹ̀ kù, kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ ìyàwó dù ú, bí kò bá sì lè ṣe é, obìnrin yẹn di òmìnira, kò san kọ́bọ̀. Ta ni òfin yẹn ń dáàbò bò? Obìnrin ni, ẹrúbìnrin gan-an. Ẹ wo Málákì 2:16, Ọlọ́run ní òun kórìíra ìkọ̀sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá ka ohun tó wà ṣáájú ẹ̀, ìwà ọ̀dàlẹ̀ sí aya ìgbà èwe ló ń bá wí níbẹ̀. Àwa wá sọ pé bàbá ò lè wọlé Ọlọ́run àfi tó bá kọ́kọ́ ṣe nǹkan tí Ọlọ́run kórìíra?

1 Tímótì 3:2 táwọn èèyàn máa ń gbé wá, "ọkọ aya kan", bíṣọ́ọ̀bù ló ń sọ níbẹ̀, ní ẹsẹ 12 ó sọ ọ́ fún díkínì (ẹ̀yin nìyẹn o 😀). Oyè ni wọ́n ń yan èèyàn sí. Ìrìbọmi kì í ṣe oyè.

Ti ewúrẹ́ yín yẹn ńkọ́? Ewúrẹ́ tí a jí ní olówó. Àǹtí wọn yìí, ta lẹ fẹ́ dá a padà fún? Bàbá ẹ̀ tó ti kú? Ọdún 26 lẹ jẹ lára ewúrẹ́ kẹ́ ẹ tó rántí pé ẹ jí i, ewúrẹ́ náà ò sì ní kí ẹnikẹ́ni jí òun.

Dikini_T
Beria, ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ́sírà orí 10 ńkọ́? Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti fẹ́ obìnrin àjèjì, wọ́n ti bímọ pàápàá, ẹsẹ 44 sọ ọ́ pé àwọn míì nínú àwọn obìnrin yẹn ti bímọ fún wọn. Òjò ń rọ̀, gbogbo èèyàn ń gbọ̀n ní gbàgede ilé Ọlọ́run, wọ́n sì kó wọn lọ. Wọn ò ní "ó ti pẹ́ jù" o. Ṣé Ọlọ́run Ẹ́sírà yàtọ̀ sí ti Málákì ni?

Iya_Ibeji_3
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí láyè, èmi ò mọ Gíríìkì mi ò mọ Hébérù. Gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ọ̀kan nínú yín ò tíì béèrè pé ibo lobìnrin yẹn fẹ́ forí lé. Ẹni tó fẹ́ méjì ni bàbá. Ẹni tó ń kó ẹrù ni Àǹtí. Bàbá ṣẹ̀, Àǹtí lọ jìyà ẹ̀, bàbá á wá wọ aṣọ funfun wọ odò, a ó patẹ́wọ́, a ó kọrin.

Ẹ lọ ka Jẹ́nẹ́sísì 21, ibi tí Ábúráhámù ti lé Hágárì. Olówó ni Ábúráhámù o, màlúù, fàdákà, wúrà, ìránṣẹ́ lóríṣiríṣi. Búrẹ́dì àti ìgò awọ omi kan ló gbé lé e léjìká láàárọ̀ kùtù, òun àtọmọ ẹ̀. Omi tán ní aginjù Bééṣébà, ó sọ ọmọ sábẹ́ igbó ṣúúrú, ó lọ jókòó lókèèrè torí kò fẹ́ ojú rí i kú. Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run ló lọ bá a níbẹ̀, tó fi kànga hàn án? Pé Ọlọ́run gbà kó lọ, mo mọ̀, ẹ má kọ ọ́ sí mi lórí. Àmọ́ Ó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà ṣojú mi, mo kéré nígbà yẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ọkọ wọn lé wọn, ọkọ lé wọn, wọ́n fi wọ́n hàn nínú ìjọ pé ó ti ronú pìwà dà. Wọ́n gba yàrá kan lẹ́yìn ọjà, ẹ̀kọ tútù ni wọ́n ń tà. Ẹ gbọ́ èyí tó burú níbẹ̀: bàbá yẹn ń yọ́ lọ síbẹ̀ lóru! Kò sanwó ilé, kò sanwó ilé ìwé, ó kàn ń lọ lóru, láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ó wà níjòókòó iwájú. Ìyàwó tó fẹ́ lójú gbogbo ayé ni wọ́n sọ di àlè. Ẹ wá sọ fún mi èwo ló sàn níbẹ̀.

Okunrin_Oke
Ìyá Ìbejì, ẹ ti pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́.

Beria_Ijesa
Ìyá wa, ẹ ṣeun, kò tún sí ohun tí mo fẹ́ fi kún tiyín.

Díkínì, Ẹ́sírà. Ìbéèrè tó dáa ni, mo ti retí ẹ̀. Kí lẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn obìnrin yẹn? Ẹ ka orí 9, wọn ò ní wọ́n pọ̀ jù, wọ́n ní ìríra àwọn orílẹ̀-èdè yẹn ni wọ́n bá wá, ìbọ̀rìṣà. Ẹni tó fẹ́ ẹyọ kan péré, bí ẹyọ yẹn bá jẹ́ àjèjì, ó lé e. Bí a bá wá ní kí Ẹ́sírà 10 jẹ́ òfin fún ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó fẹ́ aláìgbàgbọ́ ló yẹ kó lé ìyàwó, Pọ́ọ̀lù sì ti ti ilẹ̀kùn yẹn nínú 1 Kọ́ríńtì 7:12-13, bí arákùnrin kan bá ní aya tí kò gbàgbọ́, tí aya náà sì fẹ́ bá a gbé, kó má lé e. Kó má lé e! Abọ̀rìṣà pàápàá. Àǹtí wọn yìí ńkọ́, ṣé òun náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? OmoIyale ẹ dá wa lóhùn.

OmoIyale
Ha, Àǹtí ló kọ́kọ́ mú bàbá lọ síbẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń di bàbá mú lápá wọlé nígbà tí ara ò tíì yá. Ẹgbẹ́ ìyá rere ni wọ́n wà. Wọ́n ti dá wọn dúró nínú ẹgbẹ́ ná títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú.

Loya_Adugbo
Ẹ jẹ́ n fi ti òfin bọ̀ ọ́ díẹ̀. Ṣé bàbá ṣe ìgbéyàwó olórùka pẹ̀lú ìyá yín, ní kóòtù tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti fún wọn ní sàtífíkéètì? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá, torí ẹni tó bá ti ṣe olórùka, bó bá tún fẹ́ òmíràn lé e, èkejì yẹn kì í ṣe ìgbéyàwó lójú òfin, kódà ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ló wà nínú ìwé òfin fún un, bí mi ò tiẹ̀ tíì rí ẹni tí wọ́n kó lọ. Tó bá jẹ́ ìdána nìkan ni wọ́n ṣe fáwọn méjèèjì, ìyàwó ilé làwọn méjèèjì lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, ọgbọọgba, pásítọ̀ ò lè tú u ká lẹ́nu, kóòtù ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u.

OmoIyale
Ìdána ni fún méjèèjì sà. Kò sí òrùka kankan. Àwọn àgbà ilé ìyá mi ló gba ọtí ti àkọ́kọ́, ìyá mi fúnra wọn ló tẹ̀ lé bàbá lọ tọrọ ti ẹ̀kejì.

Loya_Adugbo
Ìyálé tẹ̀ lé ọkọ lọ tọrọ ìyàwó! Ó tán.

Itan_Ijo
Ẹ̀yin ará, ìjà yìí ti dàgbà ju gbogbo wa lọ, mo rò pé ó yẹ kí arábìnrin wa mọ̀ pé bàbá wọn kọ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sínú ẹ̀. Ní 1862 bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó kan wà ní Nàtáàlì ní Gúúsù Áfíríkà, Colenso, ó kọ lẹ́tà sí Áàṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury, olórí àwọn Áńgílíkà, pé kí ni ìtumọ̀ kéèyàn máa fipá mú ọkùnrin kọ ìyàwó tó ti fẹ́ kó tó gbọ́ orúkọ Jésù. Wọn ò dá a lóhùn ire. Ní 1888 táwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà gbogbo ayé péjọ sí Lambeth ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fẹnu kò pé ọkùnrin tó bá ní ju ìyàwó kan lọ, kò gbọdọ̀ rí ìrìbọmi gbà, kí wọ́n kàn máa kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ títí ọjọ́ tí á lè gba òfin Kristi. Àwọn ìyàwó ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní a lè rì wọ́n bọmi nígbà míì, kí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ wò ó. Ẹ wò ó dáadáa, àwọn náà mọ̀ pé obìnrin náà ò lẹ́bi!

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ẹ̀, ní 1891, ni United Native African Church bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní 1901 ni àwọn míì tún jáde kúrò ní St. Paul's, Breadfruit, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan l'Ékòó, wọ́n dá African Church sílẹ̀, ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ṣe sí James Johnson, bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú tó ti jẹ́ pásítọ̀ wọn, ló fa èyí. Wọn ò kúrò torí ìyàwó nìkan o, àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń tàbùkù wọn ni, ọ̀rọ̀ ta ló máa jẹ́ ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù ńbẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n kúrò tán wọn ò ti ilẹ̀kùn mọ́ olóbìnrin méjì. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé James Johnson fúnra ẹ̀, tí wọ́n tìtorí ẹ̀ jà, kò gba ìkóbìnrinjọ láàyè rárá, kò sì bá wọn lọ. Ní 1917, àwọn Mẹ́tọ́díìsì l'Ékòó lé àwọn àgbà ìjọ torí pé wọ́n ní ju ìyàwó kan lọ, àwọn yẹn náà lọ dá tiwọn sílẹ̀, òun là ń pè ní Ẹlẹ́jà dòní.

Ó wá di 1988. Lambeth yẹn kan náà, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé, wọ́n tún jókòó. Wọ́n ní olóbìnrin púpọ̀ tó bá gbàgbọ́, ẹ rì í bọmi, òun àtàwọn ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀ tó gbàgbọ́, kó ṣáà ṣèlérí pé òun ò ní fẹ́ òmíràn mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ìkankan nínú àwọn tó wà ńlẹ̀ bá wà láàyè, kí ìjọ àdúgbò sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ketekete pé wọn ò gbọdọ̀ fipá mú un lé ìkankan nínú wọn torí ìyà tó máa jẹ àwọn obìnrin náà láwùjọ. Ọgọ́rùn-ún ọdún! Ẹ ro iye ìkòkò irù tí wọ́n ti ha láàárín ìgbà yẹn.

Dikini_T
Áńgílíkà kọ́ ni Bíbélì o.

Itan_Ijo
Bẹ́ẹ̀ ni sà. 1888 náà ò sì jẹ́ Bíbélì.

Ese_Ese
Ṣé mo lè dábàá nǹkan? Ọ̀nà àárín wà. Nínú 2 Sámúẹ́lì 20:3, Dáfídì padà sí Jerúsálẹ́mù, ó kó àwọn àlè ẹ̀ mẹ́wàá tí Ábúsálómù ti bà jẹ́ sínú ilé kan, ó ń bọ́ wọn, àmọ́ kò wọlé tọ̀ wọ́n mọ́. Kí bàbá fi Àǹtí síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n máa jẹun kan náà, ṣùgbọ́n yàrá ìyálé nìkan ni kí wọ́n máa sùn. Mo mọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ṣe é báyìí.

Iya_Ibeji_3
Ẹsẹ yẹn parí síbẹ̀? Ẹ kà á tán! Ó ní wọ́n sé wọn mọ́ títí di ọjọ́ ikú wọn, wọ́n ń gbé bí opó tí ọkọ wọn wà láàyè. Obìnrin mẹ́wàá tí wọn ò ṣe nǹkan kan, ọmọ Dáfídì ló fipá bá wọn lò lórí òrùlé, Dáfídì ló sá fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́lé. Ẹ lọ fi ìyẹn ṣe àpẹẹrẹ? Ibi ìtìjú Dáfídì nìyẹn, kì í ṣe ibi ìwà mímọ́ ẹ̀.

Ese_Ese
Mo gbà. Mo rò ó pé ẹni ọdún 71 ni bàbá ni, pé kò ní fi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lára.

Okunrin_Oke
Ẹ má fojú di ẹni ọdún 71 o. Mo ní mi ò sọ nǹkan kan.

Alhaja_Kekere
Mùsùlùmí ni mí, mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn, ọ̀rọ̀ ìyálé tó ń sunkún torí ìyàwó ló mú mi dúró. Èmi náà ní orogún, ká má purọ́ kò rọrùn, ilé olórogún kì í ṣe ibi tí à ń sùn hanrun. Àmọ́ Ọlọ́run ló mọ ohun tó wà láàárín àwọn méjì yẹn. OmoIyale, ẹ bá mi kí ìyá yín.

Pasito_Abule
Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ torí iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn, ẹ jẹ́ n gbẹnu pásítọ̀ yẹn sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù, mo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe bàbá. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó lẹ́yìn ni. Ọjọ́ tó bá rì bàbá olóbìnrin méjì bọmi, ọ̀kan nínú wọn tó ti ń wo ọmọ kékeré kan níta máa sọ pé "ṣebí pásítọ̀ gba bàbá yẹn". Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí tí ìyàwó ilé bá wá jókòó sí ọ́fíìsì yín tó ní "pásítọ̀, ọkọ mi ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́".

Síbẹ̀, èmi ti kúrò níbi tí ó wà. Mo ti sọ fún bàbá kan rí pé kó lé ìyàwó, kó tó di pé mo mọ nǹkan tí mò ń ṣe, bàbá náà lé e, ọmọ tó kéré jù nínú ilé yẹn ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì kankan mọ́ dòní. Ó máa ń kí mi o, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú títì. Ṣọ́ọ̀ṣì ni kò ní wọ̀. Kò bá mi jà rí. Ó máa ń ká mi lára ju èébú lọ.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí: ẹni tó bá ti wà bẹ́ẹ̀ kó tó gbàgbọ́, màá rì í bọmi, á jẹ oúnjẹ Olúwa, àwọn ìyàwó ẹ̀ náà bákan náà, níwájú ìjọ ni á ti sọ pé òun ò ní fẹ́ kún un mọ́, kò ní di díkínì, kò ní di alàgbà, òun náà á sì sọ fáwọn ọmọ ẹ̀ ọkùnrin pé kí wọ́n má ṣe bíi tòun. Mo máa ń jẹ́ kó sọ ìyẹn fúnra ẹ̀ lẹ́nu. Àwọn bàbá yẹn ló máa ń wàásù ẹ̀ jù mí lọ, torí wọ́n mọ ohun tí ojú wọn ti rí.

Dikini_T
Pásítọ̀ ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ n bi yín, bí ẹnì kan bá wá ronú pé "jẹ́ n yára fẹ́ èkejì lọ́dún yìí, màá di àtúnbí lọ́dún tó ń bọ̀", kí lẹ máa ṣe fún un? Ibi tó ń dùn mí nìyẹn.

Pasito_Abule
Ìyẹn ti mọ ohun tó ń ṣe, Róòmù 6:1 ló wà fún irú ẹ̀, ká máa dẹ́ṣẹ̀ kí oore-ọ̀fẹ́ lè máa pọ̀. Màá ní kó lọ jókòó ná, ó lè jókòó pẹ́ o. Bàbá tí ò mọ̀ àti ọmọ tó ń dọ́gbọ́n, a ò lè fi òṣùwọ̀n kan wọ̀n wọ́n. Kódà bó ti fẹ́ ẹ tán, mi ò ní ní kó lé ọmọbìnrin yẹn síta pẹ̀lú oyún.

Dikini_T
Ó dáa. Èmi ò tíì gbà tán o. Mo ṣì gbà pé Máátíù 19 ò yẹ̀. Àmọ́ ti ewúrẹ́ yẹn, mo ti mú un kúrò ńlẹ̀. Kò yẹ kí n fi ìyá èèyàn wé ewúrẹ́. Arábìnrin, ẹ má bínú.

Beria_Ijesa
Díkínì, ọ̀wọ̀ yín pọ̀ sí i lójú mi.

OmoIyale, kí n tó gbàgbé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kàwé fún bàbá, ẹ fi 1 Tímótì 5:8 kún un, ẹni tí kò bá pèsè fún àwọn ará ilé ẹ̀, ó ti sẹ́ ìgbàgbọ́, ó burú ju aláìgbàgbọ́ lọ. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ka Jẹ́nẹ́sísì 49:31. Rákélì ni Jékọ́bù fẹ́ràn, ẹ̀bá ọ̀nà Éfúrátà ni wọ́n sin ín sí. Léà, tí wọ́n fi ẹ̀tàn tì sí i lọ́rùn lóru ìgbéyàwó, òun ló sùn ti Jékọ́bù nínú ihò Mákípẹ́là, nínú ọmọ ẹ̀ ni Júdà ti jáde, ẹ mọ ẹni tó ti ìdílé Júdà wá.

OmoIyale (ọjọ́ kẹfà)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má bínú pé mi ò dáhùn, nẹ́tíwọ̀kì ibí ò dáa, mo sì ń bá wọn gbé oúnjẹ.

Mo ka gbogbo ẹsẹ tẹ́ ẹ kọ fún bàbá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Èyí tó jẹ́ ti Àǹtí inú Bíbélì, Hágárì, ni wọ́n ní kí n tún kà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní "búrẹ́dì àti omi?" mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọn ò sọ nǹkan míì lálẹ́ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n pe ìpàdé ilé. Kí bàbá tó lanu ni ìyá mi ti sọ̀rọ̀, ẹni tí ẹnu ẹ̀ ò tíì já gaara láti ìgbà àìsàn yẹn o, wọ́n ní bó bá jẹ́ pé Àǹtí ń lọ, kí wọ́n bá àwọn di ẹrù àwọn mọ́ ọn, torí àwọn ò mọ ẹni tí á máa ra ẹsẹ̀ àwọn. Àǹtí bú sẹ́kún nígbà yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Bàbá dìde, wọ́n wọ fìlà, wọ́n ní kí n wakọ̀ gbé àwọn lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀. Mo jókòó síta, mi ò gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni pé wọ́n ní kí pásítọ̀ má bínú, àwọn ò ní lé ẹnikẹ́ni, àwọn á máa wá sí ìsìn, àwọn á jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, tí wọ́n bá ń gbé oúnjẹ Olúwa kọjá kí wọ́n fo àwọn. Pásítọ̀ ní òun á kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá òun. Inú pásítọ̀ náà ò dùn sí ọ̀rọ̀ yìí, mo rí ojú wọn nígbà tí wọ́n sin wá débi mọ́tò, wọ́n di bàbá lọ́wọ́ mú pẹ́. A ò tíì gbọ́ èsì.

Lánàá ọjọ́ Ìsinmi, lóòótọ́ bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni bàbá jókòó sí. Àǹtí ní ọ̀tún, ìyá mi ní òsì pẹ̀lú ọ̀pá wọn.

Ìkòkò ti padà sórí iná láti àná ìrọ̀lẹ́. Ìdí ẹ̀ ti dúdú. Gbogbo ilé ń rùn irù, aṣọ tí mo fẹ́ wọ lọ síbi iṣẹ́ lọ́la ti mú òórùn ẹ̀. Mò ń gbé díẹ̀ bọ̀ ní Ìbàdàn, ẹni tó bá fẹ́ nínú yín kó kọ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Dikini_T
Irù wooro ni àbí pẹ̀tẹ̀?